Ìwé Idán ní Ilé-Ìkàwé Ìjọba: Kí Ni Awo Ń Bẹ̀rù?

Mo mọ̀ pé Ìkáfún ni mo ṣèlérí. A máa débẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló gba iwájú mi.

Bàbá kan ládùúgbò wa bá ìwé kan nínú báàgì ọmọ rẹ̀. Ìwé idán ni: bí wọ́n ṣe ń fi owó pamọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ káàdì, bí wọ́n ṣe ń gé okùn tí okùn á tún so pọ̀. Ilé-ìkàwé ìjọba lọmọ ti yá a. Bàbá gbé ìwé padà síbẹ̀, ó pariwo lé àwọn òṣìṣẹ́ lórí pé wọ́n ń kọ́ ọmọ òun lóògùn, làwọn yẹn bá kó ìwé náà kúrò lórí pẹpẹ. Nígbà tí mo gbọ́, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Àmọ́ nígbà tí àwa awo pàdé, àgbà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidi sọ pé bàbá yẹn jàre. Kì í ṣe pé ìwé náà burú lójú tiẹ̀ o. Ó ní bí ọmọdé bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń pidán, kò ní bẹ̀rù awo mọ́.

Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Ṣé ohun tí à ń ṣe nídìí ọpọ́n, idán ni?

Orúkọ gan-an wà lára ohun tó dá wàhálà sílẹ̀. Eégún onídán tó ń di ère, tó ń di ọ̀nì, tó ń di òyìnbó, idán ló ń pa. Professor Peller tí wọ́n bí ní Ìsẹ́yìn ní 1941, tí wọ́n pa ní Èkó ní 1997, idán ló fi jẹun, gbogbo wa la sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tó sọ pé òun lágbára tó lè pa èèyàn tàbí kó là á, òun náà là ń pè ní onídán. Àwọn onílé-ìkàwé ti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́. Nínú ètò nọ́ńbà Dewey tí ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé ń lò, idán ọwọ́ wà ní 793.8, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eré abẹ́lé àti ijó. Àjẹ́ àti àfọ̀ṣẹ wà ní 133, ibòmíràn pátápátá. Àárín eré lọmọ yẹn ti mú ìwé tiẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú èmi fúnra mi rí.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣàìsàn, ara rẹ̀ ń gbóná, kò jẹun. Ìyá wa àgbà ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan tó wọ ìdè Ifá sọ́wọ́, tó ń pe ara rẹ̀ ní babaláwo. Ó ní ká mú ẹyin wá, ẹyin adìẹ ilé wa, kì í ṣe ẹyin tó mú wá láti ilé rẹ̀. Ó fi ẹyin pa ọmọ lára láti orí dé ẹsẹ̀, ó fọ́ ọ sínú àwo funfun. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta tó ti dípẹtà bọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú ìdì irun. Gbogbo ilé pariwo. Ọkùnrin náà ò pariwo. Ó rọra béèrè pé ta ló ń ránṣọ nínú ilé yìí.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló ń ránṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lójúde, ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ gbẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ẹ ti mọ ìyókù. Ọmọ náà sàn lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì fún un lóògùn ibà, àmọ́ ẹni tó fọ́ ẹyin ló gba àgbò àti owó. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìyàwó fi padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ẹdẹ, wọn ò jẹ́ kó mú ọmọ dání. Èmi ni wọ́n ní kí n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ náà dé ìdí ọkọ̀. Aṣọ tó wà lọ́rùn mi lọ́jọ́ yẹn, òun ló rán an. Mo gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, mi ò kí i pé ó dàbọ̀. Àjẹ́ ni lójú mi, mo ti fojú ara mi rí abẹ́rẹ́.

Nígbà tí mo pé bí ọmọ ogún ọdún, mò ń kọ́ Ifá lọ́dọ̀ olúwo mi, mo sì máa ń lọ sí ilé-ìkàwé ìjọba lọ múra ìdánwò GCE. Ọjọ́ kan ni mo fa ìwé kan yọ tí èèpo rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já tán. Wọ́n ya ọwọ́ síbẹ̀, ọwọ́ tó rọ̀ bí ọwọ́ ẹni tí kò mú nǹkan kan dání, àmọ́ owó wà nínú rẹ̀, ẹran ìdí àtàǹpàkò ló fún un mọ́ra. Mo ranjú mọ́ àwòrán yẹn títí. Ohun tó padà sí mi lọ́kàn ni pé ọwọ́ òsì ọkùnrin yẹn ò là rárá, àfìgbà tí ẹyin fọ́. Mo ra ẹyin nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mẹ́rin bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tó di ẹyin karùn-ún, abẹ́rẹ́ bọ́ sínú àwo wẹ́rẹ́ bíi pé inú ẹyin ló ti wá.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kí wọ́n kó ìwé bẹ́ẹ̀ kúrò, mi ò lè fara mọ́ ọn. Bí ẹnì kan péré nínú agbo ilé wa bá ti rí àwòrán yẹn ṣáájú, obìnrin yẹn ì bá má kúrò nídìí ọmọ rẹ̀.

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ ro irú èrò yìí. Ní 1584, ọkùnrin kan láti ẹkùn Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Reginald Scot, tẹ ìwé kan jáde tó pè ní The Discoverie of Witchcraft. Láyé ìgbà yẹn, wọ́n ń yẹgi fún èèyàn níbẹ̀ pé àjẹ́ ni wọ́n, obìnrin tálákà ló pọ̀ jù nínú wọn. Scot fẹ́ kí adájọ́ àti ará ìlú rí i pé ojú lè tan èèyàn jẹ, ló bá ṣàlàyé bí àwọn onídán ṣe ń ṣe é tá a ó fi rò pé ọ̀bẹ gún apá, tàbí pé orí ti kúrò lọ́rùn tó sì ń bẹ nínú àwo. Ó wà lára àwọn ìwé tó kọ́kọ́ tú idán ọwọ́ palẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe torí eré ló ṣe kọ ọ́. Ẹ̀mí èèyàn ló ń dù.

Ti àwọn Faransé ní 1856 tún burú jù. Ìjọba wọn rán onídán kan, Robert-Houdin, lọ sí Àlùjíríà, ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ onílẹ̀, kó lọ fi hàn pé agbára Faransé ju ti àwọn àfáà ibẹ̀ lọ. Ó gbé àpótí kékeré kan síwájú, ó ní kí ọkùnrin alágbára kan gbé e. Ó gbé e. Lẹ́yìn náà ló ní òun ti gba agbára rẹ̀, ọkùnrin náà sì fà á títí, àpótí ò mira. Irin oòfà tó ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́ ló wà lábẹ́. Nílùú wọn lọ́hùn-ún, wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ oòfà yẹn sínú ìwé. Àwọn tí ìwé ò dé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n fi dẹ́rù bà.

Wọ́n á ní ìwé kan náà lè kọ́ ọmọ ní jìbìtì. Òótọ́ ni, mi ò lè búra pé kò ní kọ́ ẹnì kankan. Àmọ́ ẹni tó fọ́ ẹyin nílé wa ò dúró de ilé-ìkàwé. Inú òkùnkùn ni ọ̀gá rẹ̀ ti kọ́ ọ, òkùnkùn náà ló sì fi ń jẹun. Àwọn onídán fúnra wọn ń ráhùn pé títú àṣírí ń ba iṣẹ́ àwọn jẹ́. Èyí ò tó ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti ba ẹyin mẹ́rin jẹ́ bíi tèmi, á mọ irú iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, á sì pàtẹ́wọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Houdini, tó lókìkí jù nínú wọn ní Amẹ́ríkà, tó tún ń tú àṣírí àwọn tó ń purọ́ pé àwọn ń bá òkú sọ̀rọ̀, fi nǹkan bí 4,000 ìwé sílẹ̀ fún ilé-ìkàwé Congress ní Washington nígbà tó kú ní 1926.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ọpọ́n, torí ibẹ̀ ni bàbá wa yẹn ti ń bẹ̀rù. Ẹ wo ìbò. Ẹni tó wá ṣàyẹ̀wò á sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí owó, èmi ò ní gbọ́. Bá a bá ń béèrè ire tàbí ibi, òun ló máa di owó ẹyọ mú lọ́wọ́ kan, tó máa di egungun mú lọ́wọ́ kejì, èmi ò ní mọ èwo ló wà níbo. Ifá ló máa mú ọwọ́ kan. Lọ́dọ̀ onídán, ẹni tó ń pidán ló fi nǹkan pamọ́. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó wá béèrè ló fi nǹkan pamọ́ fún babaláwo. Àwọn tó fi èyí lélẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n mọ̀ pé àwa náà lè purọ́.

A sì lè purọ́ lóòótọ́. Bá a bá ń dá ikin, tí méjì bá ṣẹ́kù, ojú kan là ń tẹ̀. Tí ọ̀kan bá ṣẹ́kù, ojú méjì. Ẹni tó bá mọ ọwọ́ inú àwòrán yẹn lè fi àtàǹpàkò dí ikin kan, kó tẹ odù tó wù ú. Ṣé ẹ wá rí i? Ọmọ tó ti ka ìwé idán á máa wo ọwọ́ mi. Kó máa wò ó! Ìkáfún nìyẹn. Àwọn àgbà tó ń lọ sí Ifẹ̀ lọ tọrọ ogbó, ohun tí Ifá kọ́kọ́ kì wọ́n nílọ̀ nípa rẹ̀ ni pé kí wọ́n má pe ohun tí wọn ò mọ̀ ní ohun tí wọ́n mọ̀. Wọn ò gbọ́. Nígbà tí wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní Ọ̀rúnmìlà ló ń pa wọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí mo fẹ́ kí àgbà wa yẹn rò. Wándé Abímbọ́lá tẹ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde ní 1968, William Bascom tẹ Ifa Divination ní 1969. Bí a ṣe ń di ìbò mú àti bí a ṣe ń tẹ̀fá wà nínú ti Bascom, ẹni tó bá fẹ́ lè kà á, ọjà wa ò sì tú. Àmọ́ bí ariwo bàbá kan bá ti tó láti kó ìwé kúrò lórí pẹpẹ, ta ni ìwé tó máa kàn lẹ́yìn ti onídán? Èwo nínú wa ni wọn ò tíì pè lábọ̀rìṣà burúkú rí?

Mo lọ sí Ẹdẹ. Ó pẹ́ kí n tó lọ, ojú ló ń tì mí. Ìyàwó wa ti darúgbó díẹ̀, ó ṣì ń ránṣọ, ẹ̀rọ yẹn náà ló ń lò. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tí mo bá wá, mo yọ ẹyin jáde nínú báàgì, mo fọ́ ọ sínú àwo. Kò sọ̀rọ̀. Ó wo abẹ́rẹ́ náà, ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Ó ní kí n rọra ṣe é, kí òun rí ọwọ́ mi. Nígbà tí ẹyin tán, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó ní, "Ìwé yẹn dà?"

Mo ní ilé-ìkàwé ni mo ti kà á.

Ó ní, "Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"