Káàdì Tí A Rà, Abẹ́rẹ́ Tí A Kò Gbà

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ìyá tí ọmọ wọn wà ní òkè òkun máa ń bi wá, pàápàá nígbà tí ọmọ bá ti fi ìwé ìpè ránṣẹ́ pé kí ìyá wá bá òun wẹ ọmọ tuntun. Wọ́n á ní, "Màmá Tíṣà, wọ́n ní ẹnìkan wà tó lè bá mi gba yẹ́lò káàdì láìjẹ́ pé wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀?" Ohun tí a ṣàkíyèsí ni pé àwọn tó ń béèrè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òpùrọ́ ènìyàn. Àwọn ìyá tí kò jẹ́ fi kọ́ńgò tí wọ́n ti tẹ̀ nídìí ta gàrí ni wọ́n. Wọ́n kàn gbà pé ìwé ni ìjọba ń fẹ́, bí àwọn bá sì ti fún ìjọba ní ìwé, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí káàdì náà ń sọ. Orúkọ ẹni wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, nọ́ńbà ìgò oògùn tí wọ́n fà lò wà níbẹ̀, ọwọ́ ẹni tó gún un àti òǹtẹ̀ ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó ni káàdì pàápàá ń fọwọ́ sí i. Kì í ṣe rìsíìtì, kì í sì í ṣe ìwé owó orí. Ẹ̀rí ni. Ó ń sọ fún ẹni tí kò mọ̀ wá rí, ní ìlú tí a kò dé rí, pé wọ́n ti dáàbò bo ara obìnrin yìí, kò ní gbé ibà apọ́njú wọ àárín yín. Bí abẹ́rẹ́ kò bá wọ ara wa, ẹ̀rí èké ni a mú dání, a sì fọwọ́ ara wa sí i.

Ibà apọ́njú yìí, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní yẹ́lò fífà, kì í ṣe ẹgbẹ́ ibà tí a fi ń jẹ àgúnmu. Ẹ̀fọn tí ń gbé e kiri láàárín ìlú, ojúmọmọ ló ń jẹni, inú odù omi, inú táyà àti agolo tí òjò rọ sí ló ń yé ẹyin sí. Láti ọjọ́ tí ẹ̀fọn náà bá ti jẹni, ó máa ń tó ọjọ́ 3 sí 6 kí ara tó gbóná. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀ bí a ti í ṣe é ní kíláàsì. Láti Èkó dé London kò ju bíi wákàtí 6 sí 7 lọ nínú ọkọ̀ òfurufú. Ènìyàn lè gbé àrùn náà sára, kí ó máa rẹ́rìn-ín, kí ó jẹun nínú ọkọ̀, kí ó dé, kí ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ jó, kò sì ní mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣe òun. Ọ̀pọ̀ ló ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Àwọn díẹ̀ ni ó máa ń padà bá, tí ojú wọn á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ á máa ti imú àti ẹnu jáde. Nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀, bíi ìdajì ló ń kú láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò rẹ̀ lára ẹni tó ti mú. Àjẹsára nìkan ni odi tó wà.

Ẹnìkan lè wí pé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í béèrè káàdì yìí lọ́wọ́ ẹni tó ti Nàìjíríà wá, pé Amẹ́ríkà náà kì í béèrè rẹ̀. Òótọ́ ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní pápákọ̀ òfurufú tiwa ló máa ń béèrè rẹ̀ nígbà tí a bá ń jáde, àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, irú Gúúsù Áfíríkà, tí a lè gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Ibí yìí gan-an ni ẹ̀tàn ti ń wọlé. Ohun tí a kò bá rí ìwúlò rẹ̀, a kì í ka irọ́ tí a pa lórí rẹ̀ sí irọ́.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2016. Ibà apọ́njú jà ní Àǹgólà lọ́dún náà, àwọn ará Ṣáínà sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, 11 nínú wọn gbé àrùn náà dé Ṣáínà. A kò tíì rí irú rẹ̀ rí ní gbogbo Éṣíà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọn tó lè gbé e kún ibẹ̀ bí omi òjò, ẹgbàágbèje ènìyàn ló sì wà níbẹ̀ tí kò gba àjẹsára rẹ̀ rí. Ọpẹ́ ni pé kò ràn ká. Nílé níbí ńkọ́? Ó jà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1987. Ní oṣù Kẹsàn-án 2017, lára ọmọdé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní Kwara ni wọ́n ti tún rí i. Láti ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú ní ìpínlẹ̀ púpọ̀ ní Nàìjíríà. Àwa tí ń pariwo pé wọ́n ń fi káàdì ni wá lára, ìlẹ̀kùn àwa gan-an ni àrùn náà wà.

A fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan sí i tí kò fi bẹ́ẹ̀ kan ìwé ìrìnnà, àmọ́ tí ó máa ń gún wa lọ́kàn. Àwọn onímọ̀ gbà pé láti ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí ni ibà yìí ti dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti Brazil, nínú àgbá omi tó wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi kó àwọn baba ńlá wa lẹ́rú. Ẹ̀fọn ń pa mọ́ sínú omi náà. Ní 1793, ó pa bíi 5,000 ènìyàn ní ìlú Philadelphia nìkan. Ẹni tí wọ́n dè mọ́ inú ọkọ̀ kò jẹ̀bi kankan nínú èyí. Àwa tí a fi owó ara wa ra tíkẹ́ẹ̀tì, tí a mọ ọjọ́ tí a ń lọ, ẹjọ́ tiwa yàtọ̀.

Ó sì dára kí a mọ ohun tí abẹ́rẹ́ yìí ná àwọn ènìyàn kí ó tó dé ọwọ́ wa. Ní Yábàá l'Ékòó ni àwọn dókítà kan jókòó sí ní nǹkan bí 1925 síwájú tí wọ́n ń wá ìdí àrùn yìí. Ní 1927 wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi, ní Kpeve ní ilẹ̀ Gánà. Ibà náà kò ṣe é lọ títí, ara rẹ̀ yá. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi rí kòkòrò àrùn náà lára ọ̀bọ. Adrian Stokes, dókítà ará Ireland tó wà nínú iṣẹ́ náà, kó àrùn yìí, ó sì kú l'Ékòó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà. Ní 1928 ó pa Hideyo Noguchi àti William Young ní Accra. Lẹ́yìn èyí ni Max Theiler sọ kòkòrò tó ti ara Asibi wá di aláìlágbára, àjẹsára sì jáde ní 1937. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Láti ọ̀dọ̀ Asibi, ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bíi tiwa, ni àjẹsára tí gbogbo ayé ń gbà títí di òní ti ṣẹ̀ wá. Ṣé ohun tí àwọn ènìyàn kú lé lórí ládùúgbò wa ni a ó wá máa sọ di òǹtẹ̀ lásán?

Ẹlòmíràn á ní, "Ara mi ni, kò kan ẹnikẹ́ni." Ní oṣù Kẹta 2012, Gúúsù Áfíríkà dá àwọn ọmọ Nàìjíríà 125 padà ní pápákọ̀ òfurufú nítorí wọn kò gba yẹ́lò káàdì wọn gbọ́. Ìjọba wa bínú, àwọn náà dá ará Gúúsù Áfíríkà padà, títí ìjọba tọ̀hún fi tọrọ àforíjì. A dùn sí àforíjì náà, nítorí ìwọ̀sí ni. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Ẹni tó lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti òwúrọ̀, tó na apá, tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́, bí irú ìyẹn bá wà nínú ọkọ̀, kí ni yóò fi hàn pé òótọ́ ni tirẹ̀? Àwọn tí ń ra káàdì ló ti ná iyì káàdì rẹ̀ tán kí ó tó kúrò nílé. Lójú tiwa, ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí wúwo sí jù nìyẹn. Olè tó jí owó jí ti ẹnìkan. Ẹni tó ra ẹ̀rí èké jí ìgbẹ́kẹ̀lé lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ìlú rẹ̀.

A kò ní di gbogbo ẹrù ọ̀rọ̀ yìí lé ìyá lórí. Ìyá tó lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí wọ́n ní oògùn ti tán, kí ó padà wá lọ́la, tí ẹnìkan wá fà á sẹ́yìn ìlẹ̀kùn pé bí ó bá lè ṣe dáadáa òun á bá a ṣe é kíá: ẹni tó fà á sẹ́yìn ìlẹ̀kùn ni ẹ̀bi rẹ̀ pọ̀ jù. Ọ̀gá rẹ̀ tó mọ̀ tó dákẹ́ ló tẹ̀lé e. Síbẹ̀, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àgbà náà sì ni a jẹ́.

Àwọn mìíràn kì í ṣe wàhálà ni wọ́n ń sá fún, abẹ́rẹ́ náà ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe òmùgọ̀ pátápátá, ó yẹ kí a sọ ọ́. Ewu abẹ́rẹ́ yìí ṣọ̀wọ́n gan-an, àmọ́ ó pọ̀ díẹ̀ sí i fún ẹni tó ti lé ní 60 ọdún tó ń gbà á fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára láti gbógun ti àrùn, ẹni tí ẹyin adìyẹ máa ń bá jà gidigidi, aboyún, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, gbogbo wọn ló yẹ kí ó bá dókítà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gún wọn. Bí dókítà bá rí i pé kò yẹ, ó lè kọ ìwé pé nítorí ìlera kò lè gbà á. Ọ̀nà òtítọ́ nìyẹn, kò sí ìtìjú níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ìlú tí a ń lọ ni ó kù sí láti gbà á. Nọ́ọ̀sì gidi á béèrè ọjọ́ orí wa àti oògùn tí a ń lò. Ẹni tí ń ta káàdì kì í béèrè nǹkankan ju iye tó wà lọ́wọ́ wa.

Àwọn tó ní Ọlọ́run á ṣọ́ àwọn náà ń ti ìlẹ̀kùn lálẹ́.

Irọ́ kan tún wà tó jọ èyí, àwọn ọmọ wa ni a sì ń pa á fún. A ó ní ara wa le, nítorí a kò fẹ́ kí wọ́n fagi lé ìrìnnà náà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára, oògùn ti tán láti oṣù tó kọjá. Ní England, àlejò tí wọ́n bá dá dúró sí ilé ìwòsàn ìjọba lè san tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ iye tí ìtọ́jú náà jẹ́, ọmọ yẹn ni yóò sì san án. Ìnṣọ́ránsì tí a kò sọ òtítọ́ àìsàn wa fún lè kọ̀ láti san. Bí ibà bá mú wa níbẹ̀, kí a yára sọ fún dókítà pé Nàìjíríà ni a ti wá, kí ó lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò bóyá ibà ẹ̀fọn ni. Kí oògùn wa wà nínú páálí tí wọ́n fi tà á, nínú báàgì ọwọ́, pẹ̀lú ìwé dókítà, kí ó má ṣe wà nínú ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé gba ibòmíràn lọ. Bí àwọn ọmọ-ọmọ náà bá sì ń bọ̀ wálé, kí a má ṣe dá ìyá wọn lẹ́kun oògùn ibà pé gbogbo wa la jẹ ibà dàgbà. Ara wọn kò mọ ibà yẹn bí tiwa ti mọ̀ ọ́n.

Ní ti káàdì, ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti oṣù Keje 2016 sì ni wọ́n ti fòpin sí òfin pé kí a tún un gbà lẹ́yìn ọdún 10. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó títí ọjọ́ ayé. Ẹ̀yin tí ọmọ ti ní kí ẹ wá lóṣù Kejìlá, ẹ ti lọ béèrè lóṣù Kẹwàá, nígbà tí "padà wá lọ́la" kò tíì lè dẹ́rù bà yín.