Ta Ni Ó Dákẹ́?

Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà nínú èdè wa tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni gbọ́. A ń fi etí gbọ́ ìró. A ń fi òye gbọ́ èdè, bí a ti ń wí pé ẹnì kan gbọ́ Haúsá tàbí kò gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni a sì ń wí nípa ọmọ rere pé ó gbọ́ràn. Ìró, òye, àti ìgbọràn: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a so mọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, mo fẹ́ kí a jọ yẹ ibi tí ìsopọ̀ yìí ti ń ṣì wá lọ́nà wò. Nítorí bí ọmọ kan kò bá gbọ́ ìró, a máa ń yára pinnu pé kò ní òye. Bí a bá sì pè é tí kò dáhùn, a ó ní aláìgbọràn ni.

Èmi tí mo ń kọ èyí ti jẹ̀bi rẹ̀ rí. Ní nǹkan bí 20 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, ọmọkùnrin kan wà ní ìjókòó ẹ̀yìn nínú kíláàsì mi. Bí mo bá pè é, kì í dáhùn. Bí àwọn yòókù bá dìde, yóò kọ́kọ́ wo ọ̀tún àti òsì kí òun náà tó dìde. Mo pè é ní olóríkunkun, mo sì nà án ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní ọjọ́ kan ìyá rẹ̀ wá, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọmọ náà kò gbọ́ ni. Yírùnyírùn ni ó mú un nígbà tí ó ń lọ sí ọmọ ọdún méjì.” Mo bi í pé èé ṣe tí kò fi sọ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ìtìjú ni, nítorí àwọn ará ilé ọkọ òun ń béèrè ohun tí òun ṣe tí irú rẹ̀ fi bá òun. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó mú ọmọ rẹ̀ kúrò ní ilé-ìwé, n kò sì dá a dúró.

Ìbéèrè àwọn ará ilé ọkọ náà kò ṣàjèjì. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Olúwa pàápàá béèrè irú rẹ̀ nípa ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú: wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí ó dẹ́ṣẹ̀, bóyá òun ni tàbí àwọn òbí rẹ̀. Olúwa kò yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Ó yí ojú wọn kúrò lára ẹ̀bi, ó sì kọ ọ́ sí iṣẹ́ tí a ní láti ṣe nígbà tí ọ̀sán ṣì wà. Ọ̀rọ̀ ọ̀sán yìí bá ọ̀ràn ọmọdé mu gidigidi, nítorí èdè pẹ̀lú ní ọ̀sán tirẹ̀.

Ọmọ ti ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ láti inú oyún. Ní ọdún 1980, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọmọ tuntun tí kò tí ì pé ọjọ́ mẹ́ta mọ ohùn ìyá rẹ̀ yàtọ̀ sí ti obìnrin mìíràn. Ní 1984, Janet Werker àti Richard Tees ní Kánádà fi hàn pé ọmọ oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ lè mọ ìyàtọ̀ láàrin ìró inú èdè tí a kò sọ ní ilé rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi máa pé ọdún kan, èdè ilé rẹ̀ ni ó ti gbájú mọ́. Ẹ wo iṣẹ́ tí ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí a rò pé ọmọ kàn ń mu ọmú lásán! Oríkì tí ìyá ń kì í ní òwúrọ̀, orin tí a fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, èébú tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bú ewúrẹ́, gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀kọ́.

Ọmọ tí etí rẹ̀ di kò rí ọ̀kankan gbà nínú ìwọ̀nyí, àfi bí a bá wá ọ̀nà mìíràn fún un. Ní 1998, Christine Yoshinaga-Itano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí 150 ọmọ tí etí wọn kò pé. A ti mọ àìsàn etí àwọn 72 kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́fà, a sì ti bẹ̀rẹ̀ sí ran ìdílé wọn lọ́wọ́ kíákíá. Àwọn 78 yòókù, ẹ̀yìn oṣù mẹ́fà ni a tó mọ̀. Láàrin àwọn tí òye wọn pé, àwọn ti ìṣáájú ní èdè ju àwọn ti ìkẹyìn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọlọ́rọ̀ àti tálákà, fún ẹni tí etí rẹ̀ di pátápátá àti ẹni tí ó di díẹ̀, fún àwọn tí a fi ẹnu kọ́ àti àwọn tí a fi ọwọ́ kọ́. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ohùn ha lè ní òye bí? Nígbà tí ohùn Sakaráyà lọ, àwọn aládùúgbò rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ sí i; ó béèrè wàláà, ó sì kọ orúkọ tí ọmọ rẹ̀ yóò jẹ́. Ohùn ti lọ, òye kò bá a lọ. Ẹ sì gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Nicaragua. Kò sí èdè ọwọ́ kan tí àwọn adití ilẹ̀ náà jọ ń sọ kí a tó ṣí ilé-ìwé kan fún àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Managua ní 1977. Àwọn olùkọ́ ń kọ́ wọn láti máa wo ètè àti láti máa fi ẹnu sọ èdè Sípéènì, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yọrí. Ṣùgbọ́n ní pápá ìṣeré àti nínú ọkọ̀ tí ń gbé wọn relé, àwọn ọmọ náà pa àmì ilé oníkálùkù pọ̀. Àwọn àbúrò tí wọ́n wọlé lẹ́yìn wọn gbà á, wọ́n sì sọ ọ́ di èdè tí ó ní gírámà tirẹ̀. Àwọn tí ó wọlé ní kékeré ni ó sì mọ̀ ọ́n sọ jù. Àwọn baba wa ti wí i pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹnì kan yóò wí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í tètè sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ bí omi níkẹyìn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí a dúró de ọmọ yàtọ̀ sí kí a má wò ó. Ẹlòmíràn yóò ní bí a bá kọ́ ọmọ ní èdè ọwọ́, kò ní fẹ́ fọhùn mọ́. Ọmọ adití tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ adití, tí ó ń rí èdè ọwọ́ láti ọjọ́ tí a ti bí i, ń gba ipò èdè kọjá ní àkókò kan náà pẹ̀lú ọmọ tí ń gbọ́. Èdè kì í pa èdè. Àìní èdè ni ó ń pa òye.

Ìkẹta ni ó wúwo jù: pé ọ̀rọ̀ ìdílé ni, olùkọ́ tí ó ní 60 ọmọ níwájú kò lè gbé e. Èmi náà ti wí bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a wò ó. Ní Kingston ní ilẹ̀ Jàmáíkà, ní 1986 sí 1987, Sally Grantham-McGregor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàrin 129 ọmọ tí àìjẹunkánú ti mú kí wọ́n rán. Fún ọdún méjì, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń bẹ ìdílé àwọn kan nínú wọn wò fún wákàtí kan lọ́sẹ̀, wọ́n ń fi ohun ìṣeré tí a fi ọwọ́ ṣe kọ́ ìyá bí a ti ń bá ọmọ ṣeré àti bí a ti ń bá a sọ̀rọ̀. Ní 20 ọdún lẹ́yìn náà, owó tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń gbà lẹ́nu iṣẹ́ fi ìdámẹ́rin ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a kò bẹ̀ wò bẹ́ẹ̀. A kò bá ìyá wí. A jókòó tì í ni.

Nítòsí wa pẹ̀lú, Andrew Foster ṣe é. Aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni, yírùnyírùn sì di í létí ní ọmọ ọdún 11. Ó kàwé yege ní Gallaudet ní 1954, ó dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ ní Gánà ní 1957, àti ní Ìbàdàn ní 1960, kí ó tó kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfurufú ní 1987. Àrùn kan náà ni ó bá òun àti ọmọkùnrin tí mo nà. Ṣùgbọ́n Foster ti ní èdè kí etí rẹ̀ tó di, ó sì rí àwọn tí ó fi ọwọ́ bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà. Ọmọ tèmi kò tí ì ní, ó sì bá pàṣán pàdé.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn mo rí i ní ọjà. Ó ti di géńdé, aṣọ ni ó ń rán. Ó dá mi mọ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ bí a ti ń dọ̀bálẹ̀ fún olùkọ́. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì. Mo la ẹnu, mo rántí pé ẹnu mi kò wúlò. Mo gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ mi kò mọ ohun kan wí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó jẹ́ adití bíi tirẹ̀ fi ọwọ́ bá a sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Láàrin àwa mẹ́ta, èmi ni odi.

Nítorí náà mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ará. Bí ìró ńlá bá dún lẹ́yìn ọmọ ọwọ́ tí kò ta gìrì, bí ọmọ ọdún kan kò bá yíjú sí orúkọ rẹ̀, bí etí ọmọ bá ń ṣọyún ṣáá, ẹ sọ fún òbí rẹ̀ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, kí ẹ sì bá wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ gbé ọmọ tí kò dáhùn wá sí iwájú kíláàsì, kí ẹ wò ó lójú kí ẹ tó bá a wí. Òfin tí ó kọ̀ fún wa láti ya abirùn sọ́tọ̀ ti wà ní Nàìjíríà láti oṣù January 2019. Ṣùgbọ́n òfin kò lè kọ́ ọwọ́ wa ní ọ̀rọ̀. Èmi ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ. Ọwọ́ mi le, mo sì ń ṣìṣe púpọ̀, ṣùgbọ́n mo ti mọ bí a ti ń wí pé, “Dárí jì mí.”