Iná tí Ṣàngó dá, ṣé ká pa á?



Bí àrá bá dáná sí igbó, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni ká pa á? Ní Yellowstone, l'Amẹ́ríkà, láti 1972 ni wọ́n ti ń jẹ́ kí irú iná bẹ́ẹ̀ máa jó nínú igbó jíjìn. Igi páínì kan wà níbẹ̀, ooru iná ló ń la púpọ̀ nínú èso rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1988 ọ̀dá dé, iná kọjá agbára. Wọ́n pa á títí. Òjò dídì oṣù September ló wá rọ̀ ọ́ lójú.

Lójú tèmi, ibi tí iná kọjú sí ni ká wò. Ní Ìlò-Àwẹ̀là, tílé fara kọ́ iléeṣẹ́, ẹ yáa bu omi. Ṣàngó ò ní bínú. Nígbó tí ò séèyàn, ó lè máa jó, àmọ́ ẹni tó ní ká fi sílẹ̀ ni kó dìde ṣọ́ ọ.